Má Tíì Pa Fódà Màmá Rẹ Rẹ́

Òmù-Àrán,
Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.

Mojísọ́lá, Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù Kánádà ò mú ọ jù? Èmi wà níbí, ara ń le, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló máa ń ṣe agídí tí òjò bá ti ṣú. Ilé dákẹ́. Mo ti jẹun àárọ̀, mo ti fọ àwo kan ṣoṣo tí mo fi jẹun, kò sì sí ohun tí mo tún fẹ́ ṣe títí aago méjì ọ̀sán. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí n jókòó ti láàpútọ́ọ̀pù yìí, kí n fi ìka méjì tẹ lẹ́tà sí ọ. Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí Bàbá ò kúkú pè. Lórí fóònù, tí mo bá ti fẹ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á já, tàbí kí ìwọ ní, "Bàbá, mo fẹ́ wọ ìpàdé." Lẹ́tà ní tiẹ̀ á dúró dè ọ́ títí ìpàdé á fi parí.

Mo kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Mo ti sọ ọ́ kárí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní ilé-iṣẹ́ tí ọmọ mi wà ló ń ṣe ètò tó máa ń mú kí ohun téèyàn bá fi sínú fódà kan níbí hàn nínú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn lọ́hùn-ún, kí ohun tí wọ́n bá sì yí padà lọ́hùn-ún yí padà níbí. Mo ní ọmọ mi gan-an ni wọ́n ní kó ronú bí orúkọ àwọn fódà náà á ṣe máa rí, kí àwọn èèyàn tó ń lò ó má bàa ṣi ara wọn lọ́nà. Alàgbà tó jókòó tì mí ní, "Wọ́n ń sanwó fún èèyàn kó máa sọ nǹkan lórúkọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ tí èmi náà fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún ṣe nìyẹn, ẹ ò kàn kà á sí ni.

Ọ̀rọ̀ Àìkú tó kọjá ló mú mi kọ̀wé. Jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí ìhà tìrẹ nìkan lo mọ̀.

Kó o tó lọ, o jókòó sí pálọ̀ fún odindi ọjọ́ méjì, ò ń to láàpútọ́ọ̀pù yìí fún mi. O ní, "Bàbá, ohunkóhun tí mo bá fi síbí, ẹ máa rí i." O fi àmì kékeré aláwọ̀ ewé kan hàn mí nísàlẹ̀, o ní tó bá ti tàn, ó túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà tèmi àti tìrẹ ti bára wọn sọ̀rọ̀ tán. O ò mọ ohun tó o fún mi lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì ni mo sìn ọ́ dé Gánmọ, o wọkọ̀ tìrẹ níbẹ̀, mo sì wọ tèmi padà wálé. Láti ìgbà náà, tó bá ti ń lọ sí aago méjì ọ̀sán, tí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ lọ́dọ̀ yín, mo máa ń jókòó síwájú àmì yẹn. Tó bá tàn, mo mọ̀ pé ọmọ mi ti jí, ó ti ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Màá ní, "Káàárọ̀ o, Àjọkẹ́," màá sì dìde lọ wá nǹkan ṣe.

Bí mo ṣe jókòó nìyẹn lọ́jọ́ kan ní oṣù tó kọjá, tí fódà "Ohùn Màmá" kúrò níbẹ̀ lójú mi kòrókòró. Àṣé ìwọ ni ò ń dán ètò orúkọ tuntun rẹ wò lórí fódà ilé wa kó o tó gbé e lọ síbi iṣẹ́. O ti sọ ọ́ di lẹ́tà mẹ́ta àti nọ́ńbà mẹ́rin. Mo wo lẹ́tà mẹ́ta náà títí, n kò mọ̀ pé òun ni. Ohùn mọ́kànlélógójì tí màmá rẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ nígbà tó o wà l'Ékòó, tó o kó jọ lẹ́yìn ìsìnkú, inú ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà, mo sì gbà pé ó ti lọ. Mo sunkún, Àjọkẹ́. Èmi tí mo lé ní àádọ́rin ọdún, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n já ọmú lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà tó yá ni mo rántí fúláàṣì tó o da àwọn ohùn náà sí, tó o fi sínú dúrọ́ọ̀ mi. Mo dá fódà mìíràn sílẹ̀, mo kọ "Ohùn Màmá" sí i, mo da gbogbo ohùn náà sínú rẹ̀, ọkàn mi wá balẹ̀.

Bó ṣe di méjì nìyẹn. Lọ́jọ́ Àìkú lo wá pè mí. O ní, "Bàbá, èyí tẹ́ ẹ dá sílẹ̀ yẹn, ẹ̀dà lásán ni. Àwọn fáìlì kan tiẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ńbà ṣáá, ó jọ pé ọwọ́ yín ló ń ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Ṣé kí n pa á rẹ́?"

Mo ní, "Jẹ́ kí n rò ó."

O ní, "Kí lẹ tún fẹ́ rò, Bàbá? Nǹkan kan náà ni wọ́n."

Wọn kì í ṣe nǹkan kan náà. Ṣùgbọ́n mi ò tíì débẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, o bi mí pé báwo la ṣe máa ń sọ káàdì lórúkọ nílé ìwòsàn nígbà tèmi. Ẹ̀rín ni mo fi dá ọ lóhùn, nítorí ìdáhùn tó wà níbẹ̀ kò ṣeé sọ lórí fóònù. Jókòó, kó o gbọ́ ọ báyìí.

Mo lé díẹ̀ ní ọmọ ogún ọdún nígbà tí wọ́n gbà mí sí yàrá káàdì nílé ìwòsàn míṣọ́ọ̀nù kékeré kan nílẹ̀ wa níbí. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, ìyẹn ló sì kó bá mi. Mo rò pé iṣẹ́ náà kò ju kí n béèrè orúkọ, kí n kọ ọ́ kó dùn ún wò, kí n tò ó sínú àpótí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó ilé kan láti Ìsánlú-Ìsin gbé ọmọbìnrin ọlọ́dún méje kan wá, ara ọmọ náà ń jó bí iná. Ìyá tó bí i ti lọ sóko.

Mo ní, "Kí lorúkọ rẹ̀?"

Ó ní, "Opẹ́lẹ́ńgẹ́."

Mo ní, "Orúkọ gidi ni mo ń béèrè."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi ni. N ò lè pè é."

O mọ bó ṣe rí nílé wa. Gbogbo ẹni tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, títí kan ọmọ ọwọ́, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n. Kì í pe orúkọ wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló máa wá orúkọ tí á máa pè wọ́n. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ká ní mo ní sùúrù ni, ǹ bá ti bi ọmọ náà fúnra rẹ̀, ó ń gbọ́ ohun tí à ń sọ. Ṣùgbọ́n èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo sì ń ṣe ọ̀gá lórí ìjókòó mi. Mo kọ "Opẹ́lẹ́ńgẹ́" sórí káàdì tuntun, ó dùn ún wò.

Ọmọ náà ti ní káàdì tẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló bá a gbà á, "Fúnmiláyọ̀" ló wà lórí rẹ̀, nọ́ọ̀sì kan sì ti fi yíǹkì pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé abẹ́rẹ́ báyìí-báyìí kò bá ara rẹ̀ mu, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún un mọ́. Káàdì yẹn wà nínú àpótí lẹ́yìn mi gan-an, kí n yíjú báyìí ni ọwọ́ mi á tó o. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ gba káàdì tuntun lọ́wọ́ mi, kò rí yíǹkì pupa kankan, ó sì gún un ní abẹ́rẹ́ náà.

Ojú ọmọ náà wú títí ó fi dí. Èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ìyàwó ilé yẹn sì dìde, ó ń pe "Fúnmiláyọ̀, Fúnmiláyọ̀," ó ń pe orúkọ tí kò pè rí láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ọkọ, kò rántí èèwọ̀ kankan mọ́. Orúkọ tí mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo wá gbọ́ yẹn. Mo yíjú, mo fa àpótí, mo rí káàdì náà, mo sì rí yíǹkì pupa. Títí dòní, tí mo bá rí yíǹkì pupa, inú mi kì í dùn.

Ọlọ́run ṣàánú wa, ọmọ náà kò kú. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mi ò sì lè jẹun lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ti ní ọmọ-ọmọ báyìí. A máa ń pàdé níbi ìkórè, á kúnlẹ̀ kí mi, á ní, "Bàbá oníkáàdì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Mi ò sọ fún un rí. Yàtọ̀ sí àwọn tá a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, màmá rẹ nìkan ló mọ̀, ìwọ nìkejì.

Ohun kìíní tí mo fẹ́ kó o mú níbẹ̀ nìyí. Tó o bá ń sọ nǹkan lórúkọ, má ro ti ẹni tó ń kó o pamọ́. Ro ti ẹni tó máa wá a lọ́jọ́ tí ara á máa gbóná, tí kò ní mọ orúkọ tí ìwọ mọ̀ ọ́n sí. Ètò tó dùn ún wò lójú ẹni tó ṣe é lè pa ọmọ ọlọ́mọ.

Nọ́ọ̀sì àgbà kò lé mi níṣẹ́. Ohun tó ṣe fún mi le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí n máa rìn láti agbo ilé dé agbo ilé, kí n máa béèrè gbogbo orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni tó bá ní káàdì lọ́dọ̀ wa. Odindi ìgbà òjò kan ni mo fi rìn ín. Orúkọ tí bàbá bàbá sọ ọmọ, èyí tí ìyá ìyá rẹ̀ mú wá, oríkì, orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ ẹnu àwọn ìyàwó ilé. Ní Ìjàrà-Ìsin, àwọn ọkùnrin ilé kan ń bá mi jiyàn pé kò sẹ́ni tó ń jẹ́ Arẹwà nílé àwọn. Olùkọ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń gbé níbẹ̀ wá ní, "Kí lẹ ń bi àwọn ọkọ sí? Ẹ bi àwọn ìyàwó. Àwọn ló ń gbé ọmọ wá bá yín." Màmá rẹ nìyẹn. Ó rí bírò tí mo fi há etí, ó sì pè mí ní Akọ́wé. Orúkọ yẹn ló pè mí títí ó fi kú. Ó kàwé jù mí lọ, ó fi orúkọ pe ẹni gbogbo ní kíláàsì, ṣùgbọ́n kò pe orúkọ mi rí.

Ohun tí a wá ṣe lẹ́yìn ìrìn náà ni kó o gbé lọ síbi iṣẹ́. A fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan. Nọ́ńbà náà kò ní ìtumọ̀, kì í sì í yí padà, ìbáà lọ́kọ, ìbáà kó lọ sí Ìlọrin. Ẹ̀yìn káàdì la kọ gbogbo orúkọ rẹ̀ sí, a sì ní ìwé ńlá kan tó jẹ́ pé orúkọ yòówù kó o pè, á júwe nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ. Jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yín náà máa mọ fódà pẹ̀lú nọ́ńbà tí kì í yí padà, kí èèyàn sì máa pè é bó bá ṣe wù ú níbi tó wà. Èyí tí ìwọ ṣe yìí, nọ́ńbà lo gbé síwájú, o sì gba orúkọ lọ́wọ́ wa. Ṣé o rántí ìgbà tí mo mú ọ lọ wo àwọn ère òkúta l'Ésìẹ́? O wà ní kékeré, o dúró níwájú obìnrin kan tó di irun sókè, o ní, "Kí ni wọ́n ń pè é?" Kò sẹ́ni tó mọ̀. O kọ̀, o ò kúrò níbẹ̀, o ní ó gbọ́dọ̀ ní orúkọ. Mo fẹ́ kó o rántí ọmọ yẹn tó o bá jókòó ti iṣẹ́ rẹ.

Ìkejì kúrú. Má fi ohun tó máa kọjá lọ sínú orúkọ. Mo kọ "Ìyàwó Tuntun" sórí káàdì obìnrin kan rí. Nígbà tí màá fi fẹ̀yìn tì, ìyàwó tuntun ti ń fi ọ̀pá rìn. Mo rí i pé ìwọ náà ní fódà kan tó ń jẹ́ "Tuntun", òmíràn ń jẹ́ "Èyí Tó Kẹ́yìn", ìkẹta ń jẹ́ "Èyí Tó Kẹ́yìn Gan-an". Mo rẹ́rìn-ín títí, mo sì wò yíká bóyá mo máa rí ẹni tí màá fi hàn.

Ìkẹta, má yí orúkọ nǹkan padà láìsọ fún ẹni tó wà ní ìkángun kejì. Lọ́dọ̀ tìrẹ, orúkọ lo pààrọ̀. Lọ́dọ̀ tèmi, ìyàwó mi ló tún kú. Mi ò fi bú ọ. Ìwọ ò lè rí mi látibẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n kí ètò yín máa kọ́kọ́ sọ fún èèyàn pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, nǹkan yín wà níbí, báyìí là ń pè é báyìí." Kò ju gbólóhùn kan lọ.

Ìkẹrin kì í ṣe ti fódà. O ní wọn ò lè pe Mojísọ́lá níbi iṣẹ́, pé "Mo" ni wọ́n ń pè ọ́. Kò burú, jẹ́ wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n wá ẹnì kan níbẹ̀, bó jẹ́ ẹnì kan péré, tó máa pè ọ́ ní Àjọkẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bá àwọn ará ibẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, jẹun nílé wọn, kí wọ́n wá jẹun nílé rẹ. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Gbogbo ìlú yìí ló ń kí mi. Bàbá Mojísọ́lá ni mò ń jẹ́, Bàbá oníkáàdì ni mò ń jẹ́, Alàgbà ni mò ń jẹ́. Kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Akọ́wé mọ́. Ọdún kẹta rèé. Ìnìkanwà náà pọ̀, ọmọ mi. Mo máa ń sọ fún ọ lórí fóònù pé mi ò dá wà, irọ́ ni mò ń pa.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ fódà méjì. Àwọn fáìlì ìsàlẹ̀ tó o ní ọwọ́ mi ló ṣèèṣì tẹ̀, ọwọ́ mi kò ṣèèṣì. Lẹ́yìn tí mo ti da ohùn màmá rẹ padà, mo ní kí n gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó dá mi lójú pé wọ́n pé. Títí di ọjọ́ náà, mi ò tíì lè gbọ́ wọn láti ìgbà ìsìnkú. Àjọkẹ́, ṣé o ti fetí sí ìparí wọn dáadáa? Tó bá ti kí ọ tán, tó ti bi ọ́ bóyá o jẹun, á yíjú kúrò lẹ́nu fóònù, á ní, "Akọ́wé, wá kí ọmọ rẹ." Wàá gbọ́ ohùn mi lọ́ọ̀ọ́kán, "Mò ń bọ̀." Á dúró díẹ̀. Á ní, "Bàbá rẹ ń bọ̀." Á tún dúró. Lẹ́yìn náà á ní ó dàbọ̀.

Mo gbọ́ mọ́kọ̀ọ̀kànlélógójì. Mi ò dé nínú ọ̀kankan. Mi ò lè sọ ohun tí mò ń ṣe pàápàá. Bóyá mò ń ka ìwé ìròyìn, bóyá mò ń to rẹ́jísítà ṣọ́ọ̀ṣì. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ni láti ẹ̀yìnkùlé dé pálọ̀.

Láti ìgbà náà, tí àmì aláwọ̀ ewé bá ti tàn lọ́sàn-án, mo máa ń ṣí ọ̀kan nínú wọn. Màá gbọ́ ọ títí dé ibi tó ti pè mí. Màá dá a dúró níbẹ̀, màá tẹ ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, màá sì ní, "Èmi rèé, mo ti dé." Lẹ́yìn náà màá kí ọ. Mo ti ṣe mọ́kàndínlógún, ó ku méjìlélógún. Èmi tí mò ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ nǹkan lórúkọ, mi ò rí orúkọ sọ wọ́n, mo kàn fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fún wọn. Ìyẹn ló mú kó o rò pé pàǹtírí ni.

Nítorí náà, má tíì pa á rẹ́. Fún fódà méjèèjì ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, kí ẹ̀rọ yín mọ̀ pé ọ̀kan ni wọ́n. Kọ gbogbo orúkọ tó ní sẹ́yìn rẹ̀, Ohùn Màmá, lẹ́tà mẹ́ta rẹ yẹn náà, kó o sì kọ Akọ́wé sí i. Tó o bá wálé, a máa jókòó sí pálọ̀, a máa ṣí tiẹ̀ kan, a máa ṣí tèmi kan tẹ̀ lé e, títí yóò fi tán. Wá kí n tó gbàgbé èyí tó dá èwo lóhùn.

Aago méjì ti fẹ́ẹ̀ lù. Mo máa fi lẹ́tà yìí sínú fódà wa, màá sì jókòó wo àmì yẹn. Tó o bá rí i, pè mí. Ibi yòówù kí n wà nínú ilé yìí, tí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ, màá dìde.

Èmi ni bàbá rẹ,
Akọ́wé.